Ta Ni ONILE? Àríwísí Lórí Bí A Ṣe Ń Ka Orúkọ Etí Ìwé Sọ́fè

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kan tí mi ò tọrọ ló ń wá mi wálé. Tó bá di àárọ̀ Sátidé, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta á kan ilẹ̀kùn, ọ̀kan nínú wọn á fa ìwé kan tí wọ́n ká bí ẹní yọ nínú ọ̀rá, wọ́n á ní, "Prọ̀fẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka nǹkan tí wọ́n kọ síbí." Ìwé sọ́fè ilẹ̀ ni. Òmíràn ti gbó débi pé ẹ̀rù á máa bà mí láti tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Wọn kì í ní kí n ka àárín rẹ̀. Àárín kò ní wàhálà lójú tiwọn, orúkọ bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Etí ìwé ni wọ́n máa ń nawọ́ sí, níbi tí awọnlẹ̀ ti kọ orúkọ àwọn tí ilẹ̀ náà bá pààlà. "Àwọn wo rèé? Ṣé àwọn tó ń bá wa jà yìí náà ni?"

Àríwísí ni mo fẹ́ ṣe lónìí, ìwé tí mo fẹ́ ṣàríwísí rẹ̀ kò sì gùn. Ìjábọ̀ olójú-ewé mẹ́rin ni, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí lọ́yà kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko kan ní apá ìlà-oòrùn Ìbàdàn. Èmi ni mo kọ ọ́. Ó dùn ún kà, gírámà inú rẹ̀ yanjú, ó sì ṣìnà. Bó ṣe ṣìnà ni mo fẹ́ sọ, torí mo ti rí i pé ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìdílé tí wọ́n ń tẹ̀ káàkiri báyìí ti ń ṣìnà.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lójú ìwé sọ́fè. Àkọlé ló wà lókè: ilẹ̀ ta ni, níbo ló wà. Ìlà pupa ló yí ilẹ̀ náà ká. Ní igun kọ̀ọ̀kan ni òkúta ààlà wà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, èyí tí àwọn ará ilé wa ń pè ní píllà. Ọfà kan ń tọ́ka sí àríwá. Ìwọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú èyí tó ti pẹ́, ẹsẹ̀ bàtà àti ṣéènì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ṣéènì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 66. Ilẹ̀ tó bá gùn ní ṣéènì 10, tó sì fẹ̀ ní ṣéènì 1, éékà kan nìyẹn. Awọnlẹ̀ á fọwọ́ sí i, á kọ ọjọ́. Gbogbo èyí ni ó fojú ara rẹ̀ rí, tó sì fi irinṣẹ́ wọ̀n.

Ṣùgbọ́n ní òde ìlà pupa, orúkọ ló wà níbẹ̀, a kì í sì í fi ṣéènì wọn orúkọ. Awọnlẹ̀ béèrè ni. Ó dúró nínú igbó, ó ní, "Ta ló ni apá ibí?" Ẹni tó gbà á síṣẹ́, tàbí ọmọ rẹ̀ tó ń fi àdá lànà níwájú, ló dá a lóhùn. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló kọ, ní lẹ́tà ńlá, láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ṣé ẹ rí i? Inú ìwé kan ṣoṣo ni nǹkan méjì wà: ohun tí wọ́n wọ̀n àti ohun tí wọ́n gbọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tó tọ́ sí èkíní ni à ń kó fún èkejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ìdílé méjì ló ń jà. Mo máa pè wọ́n ní Ará Odò àti Ará Ọ̀nà, orúkọ wọn kọ́ nìyẹn o. Ará Odò ní ìwé sọ́fè kan láti ayé ìjọba òyìnbó. Ará Ọ̀nà kò ní ìwé kankan tó pẹ́. Ará Odò ní bàbá àwọn ló fún àwọn Ará Ọ̀nà láyè kí wọ́n kọ́ abà, pé àlejò ni wọ́n, wọ́n kàn gbé ibẹ̀ pẹ́ ni. Ará Ọ̀nà ní rárá, ilẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀, tàwọn yẹn lọ́tọ̀.

Ará Ọ̀nà ló wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀dà ìwé sọ́fè Ará Odò ni wọ́n mú dání, èyí tí wọ́n rí gbà nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ní etí rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, níbi tí abà Ará Ọ̀nà wà gan-an, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ONILE.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó ní kíláàsì mi rí á ti máa rẹ́rìn-ín. *Oní* àti *ilẹ̀*, a rí *onílẹ̀*. *Oní* àti *ilé*, a rí *onílé*. Bí wọ́n bá gé àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò, tí wọ́n gé àmì ohùn kúrò, bákan náà làwọn méjèèjì. Ohùn ìsàlẹ̀ ló parí ọ̀kan, ohùn òkè ló parí èkejì, fáwẹ̀lì wọn ò sì dọ́gba. Lẹ́nu, kò sí ọmọ Yorùbá tó lè ṣi èkíní gbọ́ sí èkejì. Lójú ìwé sọ́fè, kò sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀.

Owó ilẹ̀ ńlá ló wà lórí ìyàtọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ *onílẹ̀* ni, a jẹ́ pé bàbá àwọn Ará Odò fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ níwájú awọnlẹ̀ pé àwọn tó wà lápá ìlà-oòrùn ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ *onílé* ni, ó lè jẹ́ pé ilé nìkan ló mọ̀ wọ́n mọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ pé èèyàn lè kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, kó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ títí tí ọmọ ọmọ rẹ̀ á fi hu ewú.

Mo kọ *onílẹ̀*. Mo ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa. Mo ní ìwé tó dá lórí ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Mo ní àwọn etí yòókù, orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí náà bákan náà ló yẹ kí ti ìlà-oòrùn rí. Mo ní kò sí ẹni tó máa dárúkọ àlejò rẹ̀ bí aládùúgbò nínú ìwé tó fi owó ara rẹ̀ ṣe. Ìdí mẹ́ta gbáko. Lọ́yà pè mí lórí fóònù, ó ń yìn mí. Lọ́yà apá kejì náà lọ wá ọ̀mọ̀wé tirẹ̀, ìyẹn kọ *onílé*, ó to ìdí tirẹ̀ náà. Kí n má purọ́, ìdí tirẹ̀ dára bíi tèmi.

Ó di ọjọ́ kan tí àwọn Ará Ọ̀nà pe ìpàdé, wọ́n ní kí n wá ka ìjábọ̀ náà fún àwọn àgbà ilé létí. Mo kà á. Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo pe *onílẹ̀*, mo pe *onílé*, kí wọ́n lè gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà kan jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn ò pè é sọ́rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń jà lé lórí gan-an? Wọn ò pè wá ní onílẹ̀ rí. Onílé-páànù ni wọ́n ń pe bàbá wa. Ní gbogbo abà yẹn, àwa la kọ́kọ́ kan páànù. Koríko làwọn tó kù fi bolé. Nígbà tó yá, wọ́n gé e kúrú, wọ́n ń pè wá ní Onílé. 'Ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ Onílé.' Ìnagijẹ ni."

Mo jókòó síbẹ̀, ẹnu mi wúwo. Ọ̀mọ̀wé méjì, ìjábọ̀ méjì, kò sí èyí tó tọ̀nà nínú wọn. *Onílé* ni ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀, kò sì sọ pé ẹni tó ń jẹ́ ẹ jẹ́ àlejò. Páànù ló sọ. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé pé kí wọ́n má ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ mi, owó sì wà nídìí rẹ̀, mo bá jókòó sínú yàrá mi, mo ń fi gírámà wá ilẹ̀.

Mo padà sílé, mo kó ẹ̀dà àwọn ìwé sọ́fè tí mo ti kà fún onírúurú èèyàn sílẹ̀, mo tún wọn kà. Ìtìjú bá mi sí i.

Ẹ wo BALOGUN. Mélòó nínú wa ló ti rí "ilẹ̀ ìdílé Balógun" létí ìwé, tó sì lọ wá àwọn tó ń jẹ́ Balógun lónìí? Ní Ìbàdàn, oyè ni Balógun, kì í jókòó sí ilé kan. Ẹni tó jẹ ẹ́ lọ́dún tí wọ́n wọnlẹ̀ lè ti gba oyè mìíràn tàbí kó ti kú kí ọdún mẹ́ta tó pé, kí oyè náà bọ́ sí agboolé tó wà ní òdìkejì ìlú. Ohun tí awọnlẹ̀ gbọ́ ni pé "ti Balógun ni", ìyẹn Balógun ìgbà náà. Ìdílé tí orúkọ ń jẹ́ Balógun báyìí lè má ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ náà. MOGAJI tún burú jùyẹn lọ, torí kò sí agboolé tí kò ní mọgàjí tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá kọ "ìdílé Mọgàjí" ti kọ "ìdílé olórí ìdílé". Kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo BALE. Kó tó di 1936 tí wọ́n sọ ọ́ di Olúbàdàn, Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n *baálé* náà wà, olórí ilé lásán. Ìṣòro *onílẹ̀* àti *onílé* ló tún padà wá yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo ìlú lè ní ẹnu nínú rẹ̀, èkejì jẹ́ oko bàbá ẹnìkan.

Ẹ wo OLOKO. Mo ti rí i nínú ìwé ìtàn ìdílé kan pé "àwọn Olóko jẹ́ ìdílé ńlá tó bá wa pààlà ní àríwá". Wọ́n tilẹ̀ wá ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá fún wọn. Mo fura gidigidi pé ẹni tó ń lànà fún awọnlẹ̀ kò mọ orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀, ó ní, "Olóko kan ló ni ín," awọnlẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Báyìí ni "mi ò mọ̀ ọ́n" ṣe di ìdílé tó ní ìtàn.

Èkó ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ń wá aládùúgbò nínú ìwé ilẹ̀ Èkó ìgbà àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ń jẹ́ orúkọ òyìnbó àti ti Pọtogí lójú ìwé, nígbà tí àdúgbò ń fi orúkọ Yorùbá pè wọ́n. Ẹnìkan náà lè jẹ́ Williams nínú ìwé tirẹ̀, kó sì jẹ́ bàbá lágbájá nínú ìwé ẹni tó bá a pààlà. Èmi tún ti rí irú rẹ̀ lókè ọ̀hún: tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọ̀kan fi orúkọ bàbá ṣe sọ́nẹ́ẹ̀mù níléèwé, èkejì fi orúkọ bàbá àgbà ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdílé kan ṣoṣo wá ń bá ara rẹ̀ pààlà. Bí ọgọ́ta ọdún bá kọjá, àwọn ọmọ ọmọ á gbé ara wọn lọ sí kóòtù bí àjèjì.

Àwọn obìnrin sì ńkọ́? Nínú gbogbo ìwé tí mo tún kà yẹn, orúkọ obìnrin kò ju ìka ọwọ́ kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin ń jogún ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá bí ọmọkùnrin. Kì í ṣe pé wọn ò sí lórí ilẹ̀. Nígbà tí awọnlẹ̀ bi wọ́n pé "ta ló ni ibí", orúkọ ọkọ tàbí ti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ló bọ́ sẹ́nu.

Ẹ̀bi awọnlẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn, ó sì yani lẹ́nu. Ní 1861 ni Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé tó fi Èkó sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láìpẹ́ sí i, láàárín àwọn ọdún 1860, ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní ìwé ilẹ̀ lórúkọ Ọbabìnrin. Ilẹ̀ tó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wá di ọ̀rọ̀ ìwé. Ní àsìkò yìí kan náà ni iṣẹ́ akọtọ́ Yorùbá ń lọ lọ́wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa kò ṣeé kọ láìsí àmì lórí fáwẹ̀lì. Ní 1875, wọ́n ṣèpàdé ní Èkó lórí akọtọ́. Ta wá ni ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ lókìkí? Herbert Macaulay, ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1898, tó sì dá tirẹ̀ dúró. Ọmọ tí ọmọbìnrin Crowther bí ni. Inú ilé kan náà ni bàbá àgbà ti ń to àmì sórí ọ̀rọ̀, tí ọmọ ọmọ sì wá ń wọnlẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì kò sì pàdé lójú ìwé sọ́fè títí dòní. Ìgbìmọ̀ akọtọ́ jókòó ní 1966, ìjọba tẹ́wọ́ gba akọtọ́ òde òní ní 1974, síbẹ̀ ONILE ṣì ni ONILE.

Macaulay yìí náà ló tẹ̀ lé Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ní 1921 ni ìdájọ́ jáde, Olúwa sì jàre. Ohun kan wà nínú ìdájọ́ Haldane tí mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè létí. Ó kìlọ̀ pé èèyàn lè máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ bí àwọn èèyàn ibòmíràn ṣe ní ilẹ̀, láìmọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìtúmọ̀ náà á sì ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Adájọ́ ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ onímọ̀ èdè ni.

Ọ̀rọ̀ tó bá ìkìlọ̀ yẹn mu jù lójú ìwé sọ́fè ni FAMILY. Kí ni wọ́n fi túmọ̀? Ṣé *ẹbí* ni, tó kó ti ìyá àti ti bàbá mọ́ra? Ṣé *ìdílé* ni, àwọn tó ti ìdí kan ṣẹ̀ wá? Ṣé *agboolé* ni, níbi tí ọmọ ilé, ìwọ̀fà àtijọ́, ọ̀rẹ́ tó wá gbé, àti ọmọ ẹrú tó ti di ọmọ ilé ń gbé pọ̀? Nígbà tí P. C. Lloyd gbé ìwé rẹ̀ *Yoruba Land Law* jáde ní 1962, ìlú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ̀ wò, ó sì hàn níbẹ̀ pé bí ọmọ ṣe ń jogún ilẹ̀ ní ìlú kan kọ́ ni wọ́n ń gbà jogún ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n létí ìwé, láti Oǹdó dé Abẹ́òkúta, FAMILY kan náà ni.

Ẹnìkan lè ní, "Prọ̀fẹ́sọ̀, bí orúkọ etí ìwé bá rí báyìí, ẹ jẹ́ ká jù wọ́n nù." Rárá o. A ò lè jù wọ́n nù. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè wa to ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìkarùn-ún ni pé kó fi hàn pé ọwọ́ òun ni ilẹ̀ tó fara kan èyí tí wọ́n ń jà lé lórí wà, lọ́nà tó jẹ́ pé ó jọ pé òun náà ló ni èyí. Ẹ̀rí aládùúgbò lágbára gan-an. Bí ìtàn ẹnu méjì bá sì takora, láti ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tó ti ilẹ̀ Gánà wá ní 1957 ni wọ́n ti ń sọ fún adájọ́ pé kó má wo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ jù. Kó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ díwọ̀n ìtàn méjèèjì. Orúkọ etí ìwé sọ́fè wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yẹn. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká kà á bó ṣe yẹ.

Àṣìṣe ìjábọ̀ mi, ní ṣókí, ni pé ó bi ìwé léèrè "Ta ni ONILE?", nígbà tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè pé "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí, ta ló sì ń bá sọ̀rọ̀?" Ẹni tó ni sọ́fè ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ bí òun ṣe ń pe aládùúgbò òun. Bí mo ṣe ń pe aládùúgbò mi lè jẹ́ ìnagijẹ, lè jẹ́ oyè, lè jẹ́ èébú pàápàá. Kì í ṣe bí aládùúgbò ṣe ń pe ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé sọ́fè wá àwọn ìdílé tó múlé gbe ara wọn, kó má dúró sórí ìwé kan. Ìwé méjì tó kọjú síra ló yẹ kó wá. Bí ìwé tèmi bá ní ìwọ lo wà ní ìlà-oòrùn mi, kí ni ìwé tìrẹ sọ pé ó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ? Bí orúkọ méjèèjì bá dá ara wọn lóhùn, ọwọ́ ti ba nǹkan. Bí wọn ò bá dá ara wọn lóhùn, ibẹ̀ gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Lẹ́yìn náà, kó pe orúkọ náà sókè fún àwọn àgbà, kó pè é ní gbogbo ọ̀nà tí ohùn lè gbà, láì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tóun ń fẹ́. Ẹni tó bá ní "Ṣé Onílẹ̀ kọ́ nìyí?" ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè.

Ohun tí ìyá àgbà yẹn kọ́ mi ni mo lọ fi wá ìwé. Ìdílé kẹta kan wà ní òkè, lẹ́yìn Ará Ọ̀nà, tí kò sí nínú ìjà náà. Àwọn náà ní ìwé sọ́fè, wọ́n ṣe é lẹ́yìn ti Ará Odò, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bá ara wọn jà. Ní etí rẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀rọ̀ gígùn kan wà tí àwọn ọmọ ilé náà rò pé sọ́nẹ́ẹ̀mù àjèjì kan ni: ONILEPANU.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí fi hàn, kí n má sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi hàn pé ìdílé kẹta mọ̀ pé àwọn Onílé-páànù ló bá àwọn pààlà, pé ilẹ̀ Ará Odò kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Kò fi hàn bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ Ará Ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ orúkọ.

Mo kọ̀wé sí lọ́yà pé mo yọ ìjábọ̀ mi kúrò, mo sì dá owó wọn padà. Inú lọ́yà ò dùn. Àwọn kan nínú Ará Ọ̀nà ò kí mi fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní ẹnu tí mo fi pè wọ́n ní onílẹ̀ náà ni mo tún fi já a gbà. Mi ò bá wọn jiyàn, torí bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tó yá, ìwé ìdílé kẹta yẹn ló mú kí àwọn àgbà ìhà méjèèjì jókòó. Ọ̀nà oko àtijọ́ tó wà lójú ìwé méjèèjì ni wọ́n fi ṣe ààlà. Àfọ́kù ilẹ̀ kan ṣì wà lẹ́bàá odò tí wọn ò tíì yanjú.

Wọ́n gba awọnlẹ̀ tuntun, ọmọdékùnrin kan tó mọṣẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi àmì sórí àwọn orúkọ etí ìwé, kó sì kọ orúkọ bàbá náà gan-an mọ́ ìnagijẹ rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ò ní í gbà. Mo ní kó ṣí i, ká jọ wò ó. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí ẹ̀yin náà nìyẹn. Ẹ lọ wo ìwé sọ́fè ilé yín. Ẹ má wo orúkọ bàbá yín tó wà láàárín, ẹ ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi tiwọn hàn yín, kí ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ síbi tí ẹ wà. Kí ẹ sì pè é sókè fún ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kó tó pẹ́ jù.

Nígbà tí ìwé tuntun yẹn jáde, wọ́n mú un wá fún ìyá àgbà. Kò mọ̀wé kà. Ó ní kí n ka etí rẹ̀ fún òun. Mo ka ti àríwá, mo ka ti gúúsù. Nígbà tí mo dé Onílé-páànù, ó ní, "Hẹn-ẹn. Àwa nìyẹn."